Ọta Bàbà Méjì Tí Kò Dún

Ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù nínú páálí náà. Ìnísípẹ́kítọ̀ Hamdalah Sàlàkọ́ tò wọ́n sórí tábìlì, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sétí. Bó bá gbé ọ̀kan, á mì ín díẹ̀, á tẹ́tí sí i, á gbé e kalẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, àwọn ọlọ́pàá tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá sì ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

Mẹ́tàlá dún. Ohùn wọn kò ju ti iyanrìn díẹ̀ nínú agolo lọ, àmọ́ wọ́n dún. Méjì kò dún rárá.

Ó dìde, ó pa fáànù, ó tún gbogbo wọn mì láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjì yẹn náà ni. Ó fi báírò sàmì sí wọn nídìí, ó wá jókòó, ó ń wò wọ́n. Lójú lásán, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn: kòròfo idẹ nísàlẹ̀, orí bàbà pupa ṣóńṣó lókè.

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó olóògbé sọ ló mú un dé ìdí gbígbọ́ ọta. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Alàgbà Festus Ọdẹ́tọ́lá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹgbẹ́dá, lọ ṣọdẹ nínú igbó kan ní apá Ògùn. Ìbọn ráífù àtijọ́ kan ló gbé dání, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí wàhálà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìbọn fọ́ mọ́ ọn lójú. Irin wọ ọrùn rẹ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó gbé e dé títì.

Nígbà tí Hamdalah lọ kí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Lucy, nílé, ó béèrè ta ló di ẹrù ọdẹ. Màmá ní ọkọ òun fúnra rẹ̀ ni, ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, nínú pálọ̀, bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ní á mú ọta kọ̀ọ̀kan, á mì ín létí kó tó kó o sí páálí, gbogbo ogún ló sì mì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Òun tiẹ̀ bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló ń gbọ́. Ó ní òun ń gbọ́ bóyá ẹ̀tù inú wọn ṣì ní àyè láti rìn.

Hamdalah kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Ẹni tó ṣe àwọn ọta náà ti wà ní àtìmọ́lé láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ó ní ṣọ́ọ̀bù léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò, ó ní ìwé àṣẹ láti tún ìbọn ọdẹ ṣe àti láti di ọta, orúkọ rẹ̀ sì wà gàdàgbà lára páálí. Lójú ọ̀gá àgọ́, ẹjọ́ ti parí. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ tó ní Sìdíkátù ṣèèṣì bu ẹ̀tù jù. Ìfọwọ́sí ló kù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé ìwé náà fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dá a padà.

Wọ́n mú un wá láti ẹ̀yìn káńtà. Kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, síbẹ̀ ó jókòó bí ẹni pé òun ló ni àga. Hamdalah ní kí wọ́n bu omi fún un mu, ó wá jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé àṣìṣe ni, ẹ máa rí onídùúró lónìí, ẹ máa sùn nílé yín. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, mo ti sọ ọ́."

"Mo ti gbọ́. Mi ò fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀wọ̀n ló wà níwájú."

"Kó wà níbẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo pa Ọ̀gá Tíṣà nìyẹn. Mi ò pa wọ́n."

Hamdalah ká ìwé náà, ó fi í sí abẹ́ fáìlì, ó sì ní kó sọ bí ọ̀rọ̀ bàbà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Sìdíkátù ní Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ló wá bá òun ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ti kà á níbì kan pé ọta òjé máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹran, pé májèlé ni, pé àwọn ọmọdé ló máa ń ṣe jù. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló sì ń jẹ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n bá gbé wálé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ òjé mọ́. Bàbà kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Òun wá ń ra bàbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa irin ní ààtàn Solous, òun ń yan èyí tó mọ́, òun ń fi léètì gbẹ́ ẹ di orí ọta.

Gbígbẹ́ kọ́ ló nira, ó ní, ẹ̀tù ni. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ. Tí èèyàn bá fẹ́ kí orí ọta bàbà wúwo tó ti òjé, yóò gùn jù ú lọ. Tó bá sì gùn, yóò wọ inú kòròfo jìn, yóò gba àyè ẹ̀tù. Tí iná bá wá ràn níbi tí kò sí àyè, inú ìbọn ló máa dojú kọ.

Nítorí náà ni kò ṣe lo òṣùwọ̀n ẹ̀tù ti òjé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní oko Alàgbà, wọ́n á de ìbọn mọ́ táyà ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n á lọ dúró lẹ́yìn igi, wọ́n á fi okùn fà á. Bó bá ti yìn, wọ́n á yẹ kòròfo wò: ṣé kápù tó ń tanná nídìí rẹ̀ ti pẹlẹbẹ jù, ṣé idẹ ti lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, àmì pé ẹ̀tù ti ń pọ̀ jù. Tí kò bá sí nǹkan, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó fi díẹ̀ kún un. Ọjọ́ tí kápù àkọ́kọ́ pẹlẹbẹ, tí ìbọn sì ṣòro ṣí, Sìdíkátù padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, ó ní ibẹ̀ ni òun máa dúró sí. Oṣù méje ni gbogbo rẹ̀ gbà. Alàgbà fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gòkè ní ìgbésẹ̀ kan péré kí ọta náà lè le sí i. Ó kọ̀.

Hamdalah sún mọ́ tábìlì. Ó sọ fún un pé òun mi ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, mẹ́tàlá dún, méjì dákẹ́.

 Sìdíkátù gbé ife omi kalẹ̀.

"Méjì dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò dún rárá."

"Ẹ̀tù tèmi kì í kún. Ó gbọ́dọ̀ dún. Tó bá dákẹ́, ẹnì kan ti ṣí i lẹ́yìn mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Hamdalah wọ ọjà Ìkòtún lọ. Ó yá ìwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó mọ̀, irú èyí tó máa ń wọn òrùka. Ó ti ya ṣọ́ọ̀bù Sìdíkátù mú orí ọta méjì; ó fi ti òjé sí apá ọ̀tún, ó fi ti bàbà sí apá òsì. Ìwọ̀n náà dúró gbọọrọ. Ó wá gbé méjèèjì nàró lórí gíláàsì. Ti bàbà fi ohun tó tó hóró ìrẹsì kan ga ju èkejì lọ. Alágbẹ̀dẹ wúrà náà bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí, òun kàn rí ohun tí òun ń wá ni.

Nígbà tó padà sí àgọ́, ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ìbọn bá a tú ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Wọ́n da ẹ̀tù inú wọn sórí ìwọ̀n. Mẹ́tàlá bá ohun tó wà nínú ìwé Sìdíkátù mu régí. Ti méjì yẹn pọ̀ jù ú lọ dáadáa, ẹ̀tù náà sì ti há débi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tú u jáde. Nígbà tí Hamdalah gbé orí bàbà méjèèjì sí iwájú fèrèsé, ó rí ìlà tínríntínrín mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ojú eyín. Ẹnì kan ti fi pílíà fà wọ́n yọ, ó sì ti dá wọn padà.

Ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní ìyẹn kò fi hàn pé kì í ṣe Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní wọ́n ń pe òun láti òkè, pé ní Mọ́ńdè obìnrin náà máa dé kóòtù, kí Hamdalah kọ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò ní kọ ọ́," Hamdalah sọ. "Tí ẹ bá fẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn kọ. Àmọ́ èmi máa kọ ohun tí mo rí nínú ọta méjì yìí, màá fọwọ́ sí i, màá fi sínú fáìlì kan náà."

 Ọ̀gá ní òun fún un títí di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè. Ọjọ́ méjì nìyẹn.

Ẹni tí Hamdalah kọ́kọ́ fura sí ni Simeon. Òun àti Alàgbà ni wọ́n jọ lọ ṣọdẹ, èèyàn ẹni ọdún márùndínlógójì tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti nu ìbọn náà. Simeon ní òun ò mọ ẹni tó nù ún. Hamdalah kò bínú sí i. Ó kàn gbé àkísà kan tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ rẹ̀ síwájú rẹ̀, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára.

Simeon bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ni wọ́n gbé ìbọn fún mú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá odò kékeré kan, òun sì yọ̀, ẹnu ìbọn wọ ẹrẹ̀. Òun ò sọ fún Alàgbà. Nígbà tí ìbọn fọ́, òun rò pé ẹrẹ̀ ló dí i, pé òun lòun pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí òun fi nù ún. Òun ò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ náà.

Ọ̀gá gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹrẹ̀ ló ṣe é nígbà náà, kí wọ́n ti ọmọkùnrin náà mọ́lé. Hamdalah bi Simeon ní ìbéèrè kan péré: ṣé kí wọ́n tó yìn ín rárá ló ṣubú ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Simeon ní lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni.

Ó túmọ̀ sí pé ọta mẹ́ta ti gba ẹnu ìbọn yẹn jáde lẹ́yìn tó wọ ẹrẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀ tó máa jókòó de ìkẹrin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu ìbọn ṣì wà bó ṣe wà. Ìdí rẹ̀ ló là, níbi tí ọta ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń yìn ín. Hamdalah ṣàlàyé rẹ̀ fún Simeon lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e pé òun kọ́ lòun pa Alàgbà. Nígbà tó yé e, ó gbé orí lé tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni Hamdalah ní kó sọ gbogbo ibi tí wọ́n yà láàárọ̀ Sátidé, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n ra epo ní Ìyánà Ìpájà. Wọ́n yà ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Zikrullah, torí okùn ìgbékọ́ ìbọn já, Alájì sì ní kí wọ́n lọ jẹun kí òun tó rán an tán. Wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lódìkejì títì. Ó tó ìṣẹ́jú ogójì.

"Páálí ọta ńkọ́?"

"Inú àpò ló wà. Àpò wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Hamdalah mọ Alájì Zikrullah. Ní Mọ́ńdè, bàbá náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́, kò sẹ́ni tó pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń di ọta fún àwọn ọdẹ Alímọ̀ṣọ́, Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá sì wà lára wọn kó tó lọ bá Sìdíkátù. Ó wá jẹ́rìí pé òun ti kìlọ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tù kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.

Ní àárọ̀ Fúráìdeè, Hamdalah wọ bọ́ọ̀sì BRT lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ó mú ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà sínú báàgì. Ó bá Alájì lórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí bíríìjì, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ní adájọ́ á fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu àgbà tó mọ̀ ọ́n, pé kí bàbá dákun fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an han òun, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Inú Alájì dùn. Ó fa ṣíbí idẹ kékeré kan yọ láti ara ìṣó lára ògiri, ó ní èyí ni òun ń lò láti ọgbọ̀n ọdún. Ó bu ẹ̀tù kún un, ó gé e lórí, ó dà á sínú kòròfo, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan, ó fi orí òjé kan dé e. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

Hamdalah yọ orí bàbà kan láti inú àpò rẹ̀. Ó ní èyí ńkọ́?

Alájì gbé e wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bu ṣíbí kan náà. Nígbà tó fẹ́ dé e, bàbà náà kò fẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó ní láti tẹ apá ẹ̀rọ náà kíkankíkan. Wọ́n gbọ́ bí ẹ̀tù ṣe ń rún nínú rẹ̀.

"Bàbá, ó dà bíi pé ó gùn ju ti òjé lọ."

"Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ọmọ mi. Ọta ni ọta. Ọmọbìnrin yẹn kàn fẹ́ kí wọ́n rò pé òun mọ nǹkan táwa ò mọ̀ ni."

Hamdalah gba ọta náà, ó mì ín létí. Kò dún. Ó gbé ìwọ̀n kalẹ̀ láàárín wọn, ó ní kí bàbá bu ṣíbí kan sí apá kan. Ó da ẹ̀tù tó wà nínú ìwé pélébé kan sí apá kejì. Ìwọ̀n náà mì lọ, ó mì bọ̀, ó wá dúró gbọọrọ.

Ó sọ fún un pé inú ọta kan nínú páálí Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ni ẹ̀tù náà ti wá, pé ó kù ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ó mú pílíà tó wà lórí tábìlì, ó gbé eyín rẹ̀ lé orí bàbà kan tó ti ní ìlà mẹ́rin lára. Eyín àti ìlà bára mu.

 Alájì mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó gbé e lé orúnkún.

"Mẹ́ta péré ni mo ṣí," ó sọ. "Mo da ẹ̀tù rẹ̀ nù, mo bu tèmi sí i. Mo fẹ́ kí Festus padà wá sọ fún mi pé àwọn mẹ́ta kan le ju ìyókù lọ. Màá wá sọ fún un pé tèmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ wá sí àgọ́ wa ní Mọ́ńdè, Alájì. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fẹ́ kí Sìdíkátù lọ sẹ́wọ̀n fún yín."

Hamdalah dìde, ó ní kí ó ti ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn máa lọ.

Wọ́n tú Sìdíkátù sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá àgọ́ kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ní kó máa ṣọ́ra. Sìdíkátù sọ fún un pé ìṣọ́ra ló fi oṣù méje ṣe, ó sì gba sílípáàsì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà ní káńtà.

Kò tíì parí. Ní Sọ́ńdè kejì, ẹgbẹ́ ọdẹ pe ìpàdé nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Sìdíkátù. Òun nìkan ni obìnrin níbẹ̀, ó bẹ Hamdalah pé kó bá òun lọ, wọ́n sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àyà. Alága sọ̀rọ̀ tútù. Ó ní gbogbo wọn mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èèyàn kú, àgbà kan sì wà ní àtìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ bàbà yìí. Wọ́n rò pé kó sinmi fún ọdún kan, kó ti ibi tó ti ń di ọta pa, nítorí iyì olóògbé. Tí ara bá ti rọ gbogbo èèyàn, wọ́n á jọ tún un sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mi orí.

Sìdíkátù dìde. Ó ní òun gbọ́, òun sì kọ̀. Ó ní òun ò ní jókòó sílé fún ohun tí òun ò ṣe, kì í ṣe fún ọdún kan, kì í ṣe fún ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọta òun, kó má rà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá jókòó ti òun, kó wo bí òun ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ariwo bẹ́. Wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àárín ariwo yẹn ni Ìyá Lucy Ọdẹ́tọ́lá wọlé, nínú aṣọ dúdú. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá tó ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kí Sìdíkátù rí oòrùn mọ́. Kò wo apá ibi tí obìnrin náà wà. Alága dìde, ó fẹ́ fún un lága, ó kọ̀ ọ́.

"Mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé nítorí iyì ọkọ mi ni," ó sọ. "Ọkọ mi ló wá a lọ. Ọkọ mi ló ní kí àwọn ọmọ ọmọ wa má jẹ òjé mọ́. Ẹ má fi orúkọ wọn ti ilẹ̀kùn ẹlòmíràn."

Ó yíjú padà, ó jáde. Ní Mọ́ńdè, kí aago mẹ́jọ tó lù, léètì Sìdíkátù ti ń dún lójú ọ̀nà Ìgàndò, ọdẹ mẹ́rin sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wò ó.